Ta Ni Èémí Ìkókó Ń Pè?

Ìṣe kan wà tí kò sí òbí tí kò mọ̀ ọ́n. Ní òru, nígbà tí gbogbo agboolé bá ti dákẹ́, ìyá tàbí bàbá yóò jí lójijì, yóò na ọwọ́ nínú òkùnkùn, yóò sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ náà sí ihò imú ọmọ tí ó ń sùn. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá kan awọ ara rẹ̀, yóò padà sùn. Bí kò bá tètè kàn án, yóò rọra tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ọmọ yóò kùn, yóò yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹni tí ó jí i yóò sì dúpẹ́ pé ó bínú. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ìṣe yìí. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ìyá ní Kambolé, mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn Kotokoli ní Sokodé, mo sì gbà pé bákan náà ni wọ́n ń ṣe é ní ìlú Lyon.

Ní ayé òde òní, a ti ṣe ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ̀yìn ọwọ́. Oríṣiríṣi ni ó wà. Ọ̀kan dà bí ìbọ̀sẹ̀ kékeré, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo inú awọ ẹsẹ̀ ọmọ láti ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù àti bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ìgbànú. Òmíràn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ: a ó fi há ẹnu ìlédìí, yóò sì máa gbọ́ bí ikùn ọmọ ṣe ń ga sókè tí ó ń padà wálẹ̀. Bí ikùn náà kò bá mira fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀rọ náà yóò ké. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí òbí fi ìṣọ́ èémí ọmọ rẹ̀ lé irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Mo kọ́kọ́ rò pé ìbéèrè àwọn ará ilẹ̀ Faransé ni. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá, àpótí kékeré kan ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá láti ilẹ̀ náà, ó sì dé ilé wa ní Kambolé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n náà fi rà á, nítorí pé n kò ní ẹ̀tọ́ láti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù àwọn òbí bí ẹni pé ẹ̀rù aládùúgbò ni. A ti bí ọmọ kan ṣáájú èyí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò. A kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀. A tẹ́ ẹ sùn lálẹ́, a kò bá a láàárọ̀. Nígbà tí èyí dé, ìyàwó mi kì í sùn mọ́. Kì í ṣe pé oorun kò kùn ún, ó ń lé e lọ ni. Yóò jókòó ti ọmọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kan ní àyà ọmọ, títí Ládàánì yóò fi pe ìrun àsùbáà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí Áfáà ti sọ ọmọ lórúkọ tí àlejò sì ti túká, a fi ẹ̀rọ náà há ìlédìí. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ń tàn, ó ń ṣẹ́jú, bí ọmọ ti ń mí. Ìyàwó mi wò ó fún bí wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó sùn, ó sì sùn fọnfọn. Èmi jókòó, mo ń gbọ́ èémí àwọn méjèèjì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ rántí òru yìí nígbà tí mo bá ń bá ẹ̀rọ náà wí níwájú.

Ìkókó kì í mí bí àgbàlagbà. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí rẹ̀ a máa tó 30 sí 60, kì í sì í lọ déédéé. Yóò sáré mí, yóò dẹwọ́, yóò dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí mẹ́wàá bí ẹni tí ń ronú, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni; ọpọlọ tí ń darí èémí kò tíì gbó. Ohun tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù ni ìdádúró tí ó bá pé 20 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí èyí tí kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara ọmọ bá ń dúdú tàbí tí ó bá ń rọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ wa ké lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlédìí ni ó tú tí ẹ̀rọ sì yọ kúrò lára ikùn. A bá ọmọ lójú oorun rẹ̀, àlàáfíà ni ó wà. Àwa méjèèjì ni a ń gbọ̀n.

Ìtàn irú ẹ̀rọ yìí gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, ohun tí ó burú sì wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1972, dókítà ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà, Alfred Steinschneider, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Pediatrics. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń kú lójijì lójú oorun lè jẹ́ àwọn tí èémí wọn ti máa ń dá dúró pẹ́ tẹ́lẹ̀. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n kú tẹ̀lé ara wọn nínú ìdílé kan. Láti inú èrò yìí ni ẹ̀rọ aṣọ́-èémí ti wọ ilé àwọn ènìyàn, tí òwò rẹ̀ sì gbilẹ̀. Ní ọdún 1995, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ New York dá ìyá àwọn ọmọ méjì náà, Waneta Hoyt, lẹ́bi pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pa wọ́n, òun náà ni ó sì pa àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí ó kú ṣáájú wọn. Fún ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀pọ̀ òbí ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ìtàn yìí wà lára òpó tí ó gbé e ró.

Ẹ̀rí irọ́ kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò, nítorí náà àwọn onímọ̀ dán an wò. Nínú ìwádìí kan tí a ń pè ní CHIME, tí ó jáde ní ọdún 2001, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọmọ 1,079 nínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ẹ̀rọ rí ìdádúró èémí tàbí ìdẹwọ́ ọkàn lára wọn tí ó tó láti mú kí aago dún, àwọn ọmọ tí ara wọn le koko sì wà lára wọn. Èyí ni pé aago lè dún láìsí ikú nítòsí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2022, sọ pé kí òbí má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ ilé láti dènà ikú òjijì lójú oorun. Ohun tí ó dín ikú náà kù gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: kí a máa fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ sùn, kí a má ṣe da ikùn rẹ̀ dé, kí ibi tí ó sùn sí má rọ̀ jù. Wọ́n kéde rẹ̀ ní Britain ní ọdún 1991, wọ́n kéde rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá, irú ikú yẹn ní Amẹ́ríkà ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Kò sí ẹni tí ó lè di ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí kí ó tà á.

Òwò náà kò tìtorí èyí dúró. Ilé-iṣẹ́ Owlet, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah, ta ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àjọ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà tó kọ̀wé sí i ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 pé ẹ̀rọ ìṣègùn ni ó ń tà láìgba àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ní ọdún 2023, àjọ kan náà fún un ní àṣẹ lórí ìbọ̀sẹ̀ tí ó tún ṣe. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìwádìí tí ó jáde ní New England Journal of Medicine ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, lórí àwọn aláìsàn tí wọ́n ti dàgbà, fi hàn pé ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ọ́síjìn nínú awọ máa ń ṣì í wò lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun: ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ń sọ pé ó pé.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí kíláàsì ìkẹyìn ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, láìsọ pé tèmi ni. Mo kọ iye rẹ̀ sí ara pátákó: bí ẹ̀rọ kan bá jẹ́ 100 yúrò, ó ti lé ní 65,500 fránkì CFA, nígbà tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fi ọwọ́ sí ní Togo láti ọdún 2023 jẹ́ 52,500. Ọmọbìnrin kan ní kí a yé pè é ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ, nítorí pé ìyá tí kò lè rà á kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ kéré sí ẹni tí ó rà á. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ wá dìde: «Ṣùgbọ́n, ọ̀gá, kí ẹ̀rọ náà tó wà, bí ọmọ bá kú, a ó ní Ọlọ́run ni ó gbà á. Ní báyìí tí ó ti wà, ẹni tí kò rà á yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè.» Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ òun ni ó fi ọwọ́ kan ibi tí ń dun ni. Ẹ̀rọ náà kò wulẹ̀ wá bá ẹ̀rù tí ó wà nílẹ̀. Ó mú ẹ̀bi tuntun kan wá fún àwọn tí kò ní í, àní fún àwọn tí ọmọ wọn ti kú kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí pé mo ti bi ara mi.

Ọ̀mọ̀ràn Jámánì kan, Hans Jonas, kọ ìwé kan ní ọdún 1979 lórí ohun tí ojúṣe jẹ́, èyí tí a mọ̀ ní èdè Faransé sí Le Principe responsabilité. Nígbà tí ó ń wá ibi tí ojúṣe ti ń wọ ayé, kò tọ́ka sí ọba tàbí sí òfin. Ìkókó ni ó tọ́ka sí. Ìkókó kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣe ìlérí, kò mọ̀ pé òun wà. Ṣùgbọ́n mímí tí ó ń mí lásán ti tó láti gbé ojúṣe ka àwọn tí ó yí i ká lórí. Mo ti fi èrò yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì rò pé ó yé mi. Òru tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ké ni ó tó yé mi.

Bí èémí ọmọ bá jẹ́ ìpè, ìbéèrè wa kì í tún ṣe ti ẹni tí ó mọ èémí kà jù. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n kà jù mí lọ, kì í tòògbé, kì í sì í lọ sí oko. Ohun tí a ní láti béèrè ni ẹni tí ìpè náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ń gbọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ ọmọ ní gbèsè kankan. Ó ń gbé ìpè náà fún ẹlòmíràn ni. Ní òru yẹn, èmi ni ó gbé e fún, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi í ṣe. Ká ní lóòótọ́ ni èémí ọmọ ti dá dúró, kí ni ǹ bá ṣe? Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ní kí n pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ní Lyon, ọkọ̀ yóò dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Kambolé, ní aago méjì òru, mo lè jí aládùúgbò tí ó ní alùpùpù, kí a forí lé Tchamba, kí a sì gba ibẹ̀ lọ sí Sokodé bí ó bá le. Ọmọ tí kò mí kò lè dúró de ìrìn bẹ́ẹ̀.

Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe lọ bá agbẹ̀bí ní ọjọ́ kejì. Kò rẹ́rìn-ín mi. Ó lo bí ìdajì wákàtí, ó fi aṣọ tí ó ká jọ ṣe ọmọ, ó fi hàn wá bí a ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ láti jí i, bí a ṣe ń gbé orí rẹ̀ sí ipò tí ọ̀nà ọ̀fun yóò fi là, bí a ṣe ń fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí a sì ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba èyí tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni, kì í ṣe ti inú àyà. Lẹ́yìn èyí ni ó béèrè bóyá ẹ̀rọ wa kò kọ́ wa ní ìyẹn. Kò kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn: bí kò bá ké ní àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò ní lọ kọ́ ọ.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kórìíra ohun náà láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe nítorí òun fúnra rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ohun tí ìwé rẹ̀ sọ: kí ọmọ sùn ní òun nìkan. Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ikùn kò mọ ikùn ta ni ó ń gbọ́. Bí ọmọ bá sùn ti ìyá rẹ̀ lórí ẹní kan náà, ó lè gba èémí ìyá gẹ́gẹ́ bí èémí ọmọ, kí ọmọ dákẹ́, kí iná aláwọ̀ ewé sì máa tàn. Bákan náà ni bí a bá pọ̀n ọ́n. «Ta ni ó máa ń dá ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án sùn?» ni ìyá mi béèrè, ó sì gbé ojú kúrò lára àpótí náà. Mo rò ó fún ìgbà pípẹ́. Inú ẹ̀rọ kékeré yẹn ni gbogbo ìgbésí ayé kan wà ní dídì: yàrá tirẹ̀, ibùsùn tirẹ̀, ilẹ̀kùn láàárín ọmọ àti ìyá. Ní ilé tí ilẹ̀kùn yẹn bá wà, ẹ̀rọ ń fi etí dípò rẹ̀. Ní ilé tiwa, a ní láti kọ́kọ́ fi àyè sí àárín ìyá àti ọmọ kí ẹ̀rọ tó lè sọ òtítọ́.

Síbẹ̀, ìyá mi kò jàre pátápátá. Ìyá tí ó ti rẹ̀ lè sùn le ọmọ. Bẹ́ẹ̀dì fóòmù tí ó rọ̀, ìrọ̀rí, aṣọ ìbora tí ó nípọn, gbogbo wọn lè dí imú ọmọ. Òun náà sì ni ó ń da ikùn ọmọ dé kí ó lè sùn pẹ́, bí wọ́n ti ṣe fún èmi gan-an. Níkẹyìn, a tẹ́ ẹní kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ìwọ̀n apá kan sí ara wa, a sì fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ó dára.

Kí a má sì rò pé àwọn baba wa kò fi nǹkan sí ara ọmọ nítorí ẹ̀rù ikú. Ọmọ tí wọ́n bá fura sí pé àbíkú ni, wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, wọ́n á sì fi òrùka irin àti ṣaworo sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìró rẹ̀ lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jìnnà, A. B. Ellis ti kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní ọdún 1894. Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ti kọ àlàyé náà sílẹ̀, èmi náà ti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín ṣaworo àti ẹ̀rọ tí kò kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run. Ṣaworo ń dún nígbà tí ọmọ bá mira: ìró rẹ̀ ni ìyè, gbogbo agboolé ni ó sì ń gbọ́ ọ, láti orí ìyá àgbà tí ń ṣa ẹ̀wà dé orí ọmọ tí ń fọ abọ́. Ẹ̀rọ ń dún nígbà tí ọmọ kò bá mira, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì ni ìyè. Ẹni tí ó ń lò ó a máa fetí sí ìdákẹ́jẹ́ ní gbogbo òru, òun nìkan, nínú yàrá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo gbé ayé nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó ní ìwọ̀n.

Nígbà tí ọmọ wa pé oṣù méjì, ọkùnrin kan ní àdúgbò, àgbẹ̀ tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ ní Sokodé láìpé oṣù; 1,700 gíráàmù ni ọmọ náà wọ̀n. Wọ́n tọ́jú wọn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Ó kí mi, ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ ní nǹkan kan tí kì í jẹ́ kí ọmọ kú lójú oorun. Tiyín ti lágbára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa fún oṣù kan.»

Ní ti ìdájọ́ òdodo, kò sí ohun tí a ń rò: ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀ jù ni ó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rọ náà sọ ọ́ kedere pé a kò ṣe é fún ọmọ tí kò pé oṣù tàbí tí ara rẹ̀ kò yá. Ọmọ tí kò nílò rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí ó burú jù sì ni pé ibi tí ó dára jù lọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ náà kò ti lè ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1978, nígbà tí Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ni a ti mọ̀ pé kí a gbé ọmọ tí kò pé oṣù sí àyà ìyá rẹ̀, awọ kan awọ, tọ̀sán-tòru, máa ń mú un yè. Ní ọdún 2021, ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní Ghana, India, Malawi, Nàìjíríà àti Tanzania jáde, Ilé-Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó 1,800 gíráàmù, ikú láàárín ọjọ́ 28 jẹ́ 12 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí a gbé sí àyà ní kété tí a bí wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16 fún àwọn tí a kọ́kọ́ dúró kí ara wọn balẹ̀. Bí mo bá yá ọkùnrin yìí ní ẹ̀rọ, nínú méjì yóò ṣe ọ̀kan: wọ́n á gbé ọmọ kúrò ní àyà nítorí rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ máa ka èémí ìyá.

Mo sọ gbogbo èyí fún un. Mo sọ ọ́ dáadáa, bí olùkọ́. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó ní «Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n», ó sì dìde. Mo mọ ohun tí ó gbọ́: ó gbọ́ pé ahun ni mí.

Ìyàwó mi wà nínú yàrá nígbà tí a ń sọ̀rọ̀. Kò bá mi jiyàn. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ kò sí lára ìlédìí ọmọ wa mọ́. Nígbà tí mo béèrè, ó ní: «Òtítọ́ ni ẹ sọ fún un. Èmi ni mo mọ bí òru ṣe rí.» Ó ti sọ fún ìyá ọmọ náà pé kí ó má ṣe gbé e kúrò ní àyà tìtorí ẹ̀rọ, kí ó lò ó kìkì nígbà tí ó bá tẹ́ ọmọ sórí ẹní kí òun lè wẹ̀ tàbí kí òun dáná. Láti ọjọ́ náà, ní alaalẹ́, ó ń lọ wo ọmọ náà, ó ń jókòó tì í fún wákàtí kan, òun àti ọmọ tiwa ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkùnrin náà dá ẹ̀rọ padà, ó sì mú àkùkọ kan lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ti lágbára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níwájú ìyá mi, ó ní ẹ̀rọ ni ó gba ọmọ òun là. Àbí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti Sokodé ni, àbí àyà ìyá rẹ̀, àbí wákàtí tí ìyàwó mi ń lò níbẹ̀ lálaalẹ́, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo gba àkùkọ náà. N kò sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́ yìí ni ó ń dà mí láàmú, ju yíyá tí a yá a lọ. Ọkùnrin náà ti sọ ìtàn rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ti sọ ọ́ ní ọjà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé iná aláwọ̀ ewé ni ìlera. Bẹ́ẹ̀, ìkókó tí òtútù àyà ń ṣe kì í dẹ́kun mímí. Sísáré ni ó ń sáré mí. Bí èémí rẹ̀ bá pé 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ó wà ní ìdákẹ́jẹ́, tí a tún un kà tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí, tí ó kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù jù, ilé ìwòsàn ni. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò kò nílò ju aago kan àti ojú méjì lọ láti ka èyí. Ẹ̀rọ tí ń wo kìkì bóyá ikùn mira kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀: ikùn ń mira, ó tilẹ̀ ń mira gan-an. Lọ́dún 2022, ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 tí ó kú ní gbogbo ayé jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3, àìpé oṣù, ìṣòro nígbà ìbí àti àkóràn ni ó pa púpọ̀ jù nínú wọn. Bí ìyá kan ní Kambolé bá jókòó sílé ti iná aláwọ̀ ewé nítorí ìtàn tí mo gba àkùkọ lé lórí, kí ni kí n pe ìpín tèmi nínú rẹ̀?

Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ ọ́ fún un, kí n má sì dá lọ, kí òun bá mi lọ. A kò tíì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí pè mí lórí fóònù láti Tchamba. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà. Mo bi í bóyá ó ní aago ọwọ́ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó ní òun ní in. A sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ká aṣọ sókè kúrò ní àyà ọmọ tí a ó sì kà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ́ ẹ sùn, mo sọ ohun tí agbẹ̀bí fi hàn wá fún un. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un kà fún mi, kò sì ṣì í. Ó dúpẹ́ púpọ̀, ó ṣàdúrà fún ọmọ mi. Kí ó tó pa fóònù, ó tún béèrè iye rẹ̀.